Ọdún Tí Ìyá Àgbà Pa Iná

Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa fi ìka kan tẹ ìdí sítóòfù gáàsì, iná á là wàì, wọn ò sì ní wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èmi á dúró lẹ́yìn wọn, màá máa wòran. Wọ́n á ní, "Màámá, kí lẹ ń wò?" Màá ní kò sí nǹkan. Kí ni n bá sọ? Ẹni tó fi ìka pe iná, tí iná sì jẹ́ ẹ, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Nínú agbolé wa ní Ìkìrun nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í dá iná. A máa ń bá iná ni. Bí a ṣe bá ògiri, tí a bá kànga, bẹ́ẹ̀ náà la bá Ìyá Àgbà àti iná wọn nídìí ààrò. Ìyá ọkọ wọn ló fi iná náà lé wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé wọn níyàwó wá láti Inísà, ẹnì kan ló sì ti fi lé ìyẹn náà lọ́wọ́. Àwọn kan ní inú ìkòkò ni wọ́n ti gbé e sálọ nígbà ogun àtijọ́. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Èmi tí mo ti ń ta ata gbígbẹ láti ìgbà tí mo ti fi ìwé mẹ́rin sílẹ̀, mo mọ̀ pé ọjà tó bá ti pẹ́ lórí àtẹ ni wọ́n máa ń pìtàn mọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé n kò rí ọjọ́ kan tí iná yẹn kú, àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Igi àyìn ni Ìyá Àgbà ń fi sí i, èyí tí wọ́n ń rù wá láti ọ̀nà Ìbà, igi tó le bí orí ọkùnrin. Wọ́n á bò ó mọ́ eérú lálẹ́, wọ́n á wú u láàárọ̀. Láàárọ̀ náà, kí ìgbálẹ̀ tó dákẹ́ lágbàlá, tí ìpè àdúrà ń lọ lápá ọ̀hún, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dá a lóhùn lápá ìhín bí orogún méjì, tí rélùwéè ń fọn fèrè tirẹ̀ lọ́nà Òkukù láì bi ẹnikẹ́ni léèrè, àwa ọmọdé á ti tò sẹ́nu ọ̀nà Ìyá Àgbà, kálukú pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́, a wá fọnná. Ṣùgbọ́n iná kì í wá lásán. O gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà á sì bi ọ́ pé, "Báwo ni ilé yín ṣe sùn?" Bí o bá ní "dáadáa ni, mà," wọ́n á mú ẹ̀mú wọn dání, wọn ò ní mú ẹyinná kankan, wọ́n á kàn máa wò ọ́. Wàá wá sọ pé màmá yín kò sùn, pé bàbá yín ń húkọ́, pé wọ́n jà lórí ẹran lálẹ́ àná, pé àwo kan fọ́. Nígbà tó bá tó wọn, wọ́n á gbé ẹyinná sórí àpáàdì rẹ. "Ẹnu ẹni tó bá fọnná kì í dí," ni wọ́n máa ń wí. "Iná tí mo bá fún ènìyàn, mo gbọ́dọ̀ mọ irú ilé tó ń lọ." Kí oòrùn tó yọ, kò sí ìjà, kò sí àìsàn, kò sí oyún tí Ìyá Àgbà kò tíì mọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ rédíò! Ìyá Àgbà ti ń gba ìròyìn kí ẹni tó ń kà á tó fọ ẹnu.

Ààrò méjì ni mo ń fọnná fún. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyá mi, èkejì jẹ́ ti Ìyá Dúpẹ́, ìyàwó àbúrò bàbá mi. Àbúrò bàbá mi yìí la ń pè ní Bàbá Kánsẹ́lọ̀, nítorí wọ́n ti wà ní káńsù rí, wọ́n sì fẹ́ràn oyè náà ju bàtà lọ. Ọdún yẹn ni wọ́n dìbò kan tí ẹni tó wọlé kò wọlé, tí ẹni tí kò wọlé sì wọlé. Bàbá Kánsẹ́lọ̀ sùn sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n jí sínú èkejì. Ní ọdún mìíràn, a ó kàn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún wẹ́tíẹ̀ ni. Wọ́n ń da epo mọ́tò sílé ènìyàn, wọ́n ń ṣáná sí i, nígbà mìíràn wọ́n ń dà á sí ènìyàn fúnra rẹ̀. A ń gbọ́ ìròyìn láti ìlú kan dé èkejì pé ilé lágbájá jó, ilé làkáṣègbè jó, àwọn àgbà á sì máa sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ẹnu ń ta.

Ìyà dé kí iná tó dé. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti Òkukù kò wá mọ́. Ọjà Inísà tú kó tó pé. Ẹni tó lọ sóko Ìbà lówùúrọ̀, wọ́n á ti máa ṣàníyàn rẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran ọbẹ̀ bíi pé eyín ni wọ́n ń gé e fún kì í ṣe ikùn. Ẹ̀kọ kan di ti ọmọ méjì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á máa wo ojú ara wa bí ológbò méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ìṣáná. Àwọn tó ń tà á kó o wọ yàrá. Bí o bá bèèrè ìṣáná, wọ́n á ní, "Ilé ta lo fẹ́ sun?" Epo òyìnbó náà bẹ́ẹ̀. Àwa kò kúkú bìkítà. A ní Ìyá Àgbà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ le, Bàbá Kánsẹ́lọ̀ sá lọ sí Òkukù. Wọ́n ní aṣọ obìnrin ni wọ́n fi sá. N kò rí i lójú ara mi, ṣùgbọ́n ó wù mí kó jẹ́ òótọ́, nítorí wọ́n nírùngbọ̀n tó pọ̀. Wọ́n sá tán, wọ́n fi Ìyá Dúpẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ kejì ló bímọ, ọmọbìnrin pínníṣín kan tó ń sunkún bí ẹyẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wá bá Baálé wa. Baálé ni àbúrò ọkọ Ìyá Àgbà, àwọn ló kù tí wọ́n ń ṣe olórí agbolé, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu wọn. Làmídì ló ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ náà, ọmọ ìyá eléédú ìsàlẹ̀ wa. Ó ní àwọn gbọ́ pé ilé wa ń bọ́ ọ̀dàlẹ̀. Ó ní bí àwọn bá sun iyàrá Kánsẹ́lọ̀, Baálé mọ̀ pé páànù kan náà ló bo gbogbo wa. Ó tún ní, "Ẹ kú àṣálẹ́ o, bàbá," ó sì jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Baálé kó gbogbo wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni nílé Kánsẹ́lọ̀, a kò gbọdọ̀ bá wọn pọnmi, a kò gbọdọ̀ fún wọn níná, títí Kánsẹ́lọ̀ yóò fi padà sínú ẹgbẹ́ tó ti wá. Nínú iyàrá, ọmọ tuntun ké. Ìyá Àgbà, tí wọ́n dàgbà ju Baálé lọ, ṣùgbọ́n tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ilé, kúnlẹ̀ bí ìyàwó. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, mo ti gbọ́."

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ báyìí pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Àṣà ló gbé mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú àpáàdì méjì bí mo ṣe ń mú un. Mo kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà bi mí pé báwo ni ilé ṣe sùn, mo ní ìyá mi sunkún, mo ní ọmọ Ìyá Dúpẹ́ kò dákẹ́. Wọ́n wo àpáàdì méjèèjì lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé ẹyinná lé èkínní, wọ́n gbé e lé èkejì. Mo ti gbé ti ìyá mi fún wọn, mo ń gbé ti Ìyá Dúpẹ́ kọjá lágbàlá nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí Làmídì fi ṣọ́ ẹnubodè wa figbe ta: "Iná o! Wọ́n ti ń gbé iná lọ sílé Kánsẹ́lọ̀! Wẹ́tíẹ̀ ti dé o!" Ẹ wo ayé! Ní ọdún mìíràn, ọmọdé tó bá gbé àpáàdì, ìyá rẹ̀ ló rán an. Ní ọdún yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó wọ yẹ̀rì, tí ikun sì wà nímú rẹ̀, di ẹni tó fẹ́ sunlé. Àwọn obìnrin tú jáde, ẹni tó di omi mú, ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n sódì, ẹnì kan tilẹ̀ gbé ewúrẹ́ rẹ̀ lé èjìká. Ẹ̀rù bà mí, mo ju àpáàdì sílẹ̀, ẹyinná fọ́n ká. Ọ̀kan ṣáà jó mi lẹ́sẹ̀. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, bí kọ́bọ̀ àtijọ́.

Nígbà tí Baálé rí i pé èmi ni, ìtìjú mú wọn, ìtìjú àgbà sì burú, ìbínú ló máa ń dà. "Ta ló fún ọmọ yìí níná?"

"Èmi ni," Ìyá Àgbà wí láti ìdí ààrò.

"Ṣé ẹ kò ní ẹ gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́, ọkọ mi. N kò ní mo gbà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ di ikọ́. Baálé yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Ìyá Inísà. Bí iná ààrò yín bá tún wọ ilé yẹn, ẹ̀yin àti ààrò yín lẹ máa kúrò nílé yìí."

Ìyá Àgbà dìde. Wọn kò yára. Wọ́n lọ sídìí àmù, wọ́n fi igbá bu omi, wọ́n padà sídìí ààrò, wọ́n sì dà á sí i. Wọ́n tún bù ú. Wọ́n tún dà á. Ṣààà! Ìró yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ bí àwọn ọmọ mi bá da omi sórí irin gbígbóná. Èéfín funfun bo gbogbo wọn, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ga ju òrùlé lọ. Àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n ti ń fọnná níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn wọlé, mo rí i tí wọ́n fọwọ́ lérí bí ẹni pé ènìyàn kú. Nígbà tí èéfín lọ, Ìyá Àgbà dúró síbẹ̀, eérú ti kun ojú wọn, igbá ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

"Kí lẹ ṣe yìí?" Ohùn Baálé ti di tín-ín-rín.

"Ọkọ mi, ẹni tó da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ ní kí n má fún un níná. N kò ní fún un. N kò ní. Iná tí kò bá lè wẹ ọmọ tuntun kò lè se ọbẹ̀ fún ọkọ mi." Wọ́n gbé igbá kalẹ̀, wọ́n lọ sínú iyàrá Ìyá Dúpẹ́, wọ́n gba ọmọ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ara wọn lábẹ́ aṣọ, wọn kò sì jáde mọ́.

Bí ilé wa ṣe di ilé aláàwẹ̀ nìyẹn, nítorí nínú ìpayà àárọ̀ yẹn, àwọn ìyàwó ti da omi pa gbogbo ẹyinná tí a ti fọn dé ààrò wọn. Gàrí ni, omi tútù ni. Àárọ̀ gàrí, alẹ́ gàrí. Ikùn mi ń pariwo bí ọjà. Ó yẹ kí a lọ fọnná ní agbolé kejì, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ? Ilé tó ń fún ènìyàn níná láti ayé baba ńlá rẹ̀ kì í ru àpáàdì lọ sílé onílé. Ìyá mi gbé ìtìjú tà, wọ́n mú àpáàdì, wọ́n forí lé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Àwọn ọ̀dọ́ dá wọn dúró ní oríta: "Ìyá Àṣàkẹ́, iná kí nìyẹn? Ilé ta?" Wọ́n padà wálé, wọ́n fi àpáàdì lu ògiri, ó fọ́. Baálé ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Tábà wà nínú ìkòkò wọn, wọ́n ti kì í dáadáa, kò sí ẹyinná tí wọn yóò fi tàn án. Wọ́n á fà á lásán, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga, wọ́n á tún fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu mi, nítorí láti inú iyàrá ọ̀hún, a ń gbọ́ ọmọ náà. Omi tútù ni wọ́n fi ń nù ún. Igbe rẹ̀ ń dín kù. Lọ́jọ́ kejì, ó dà bí ológbò. Lọ́jọ́ kẹta, a ní láti dákẹ́ kí a tó gbọ́ ọ. Gbogbo ilé sì ń dákẹ́, láì sọ fún ara wọn pé ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta yẹn ni wọ́n dé. A kọ́kọ́ gbóòórùn epo kí a tó rí wọn. Làmídì ló ṣáájú, ògùṣọ̀ ń jó lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oòrùn gangan, ọ̀kan gbé agolo epo mọ́tò, bí ènìyàn mẹ́wàá tò tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé Kánsẹ́lọ̀ ti padà wọlé lóru. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń bá ògùṣọ̀ jiyàn? Baálé wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí ìdè ilẹ̀kùn wọn ró kọ́. Ìyá mi di apá mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára.

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà jáde láti iyàrá Ìyá Dúpẹ́. Ọmọ wà láyà wọn. Àpáàdì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n di ihá gbígbẹ sínú rẹ̀, ihá epo pupa tí a fi ń dáná. Wọ́n rìn tààrà lọ bá Làmídì ní àárín àgbàlá, wọ́n sì kúnlẹ̀. Orúnkún méjèèjì, nínú iyẹ̀pẹ̀, níwájú ọmọ tí ó tó ọmọ ọmọ wọn.

"Ẹ káàsán, ọkọ mi," ni wọ́n wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Iná kú nílé wa láti ijẹ́ta. Mo wá fọnná lọ́wọ́ yín."

Èpè ni kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Àwa ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn. Làmídì ń fà sẹ́yìn, "Ìyá, ẹ dìde! Ẹ dìde nítorí Ọlọ́run! Ẹ má ṣe mí báyìí!"

"Ẹni tó wá fọnná kì í fọwọ́ òfìfo padà. Èmi ni mo wẹ ìwọ Làmídì lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Omi gbígbóná ni mo fi wẹ̀ ọ́, ìyá rẹ ló fọn iná rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ tuntun nìyí. Bu iná fún mi kí n fi wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí ẹsẹ̀. Ó dà bíi pé ìyá mi ni, nítorí èékánná wọn kúrò lára mi. Wọ́n wá àpáàdì, ti wọn ti fọ́, wọ́n mú ìdajì rẹ̀. Ìyá Ràúfù, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, tẹ̀ lé wọn, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé tẹ̀ lé e, gbogbo obìnrin ilé wa tò sẹ́yìn Ìyá Àgbà, wọ́n kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àpáàdì lọ́wọ́, bí a ṣe ń ṣe láàárọ̀. Èmi náà kúnlẹ̀. N kò ní àpáàdì, mo na àtẹ́lẹwọ́. Iná ògùṣọ̀ ń jó pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Mo ti ta ọjà ní gbogbo agbègbè yìí, mo ti rí ọba, mo ti rí sójà, mo ti rí òkú nínú ọkọ̀, n kò tíì rí ohun tó tóbi tó ìlà àwọn obìnrin yẹn.

Ìyá Àgbà gbé ojú sókè wò ó, wọ́n sì bi í ní ìbéèrè wọn. "Làmídì. Báwo ni ilé yín ṣe sùn?"

Làmídì rẹ ògùṣọ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ò jẹun, mà. Wọn ò ta èédú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án." Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tó wá fọnná. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ògùṣọ̀ kan ihá inú àpáàdì, ó dúró títí ó fi gbiná, ó sì gbé ògùṣọ̀ náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n jáde. Ẹni tó gbé agolo epo gbàgbé rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún méjì ni ìyá mi fi pọnmi nínú rẹ̀, omi náà kò yé rùn.

Ìyá Àgbà kò gbé iná náà lọ sí ààrò ara wọn. Wọ́n gbé e lọ sí ti Ìyá Dúpẹ́. Níbẹ̀ ni omi ti hó, níbẹ̀ ni wọ́n ti wẹ ọmọ náà, ó sì fi igbe ta, igbe ńlá, igbe aláìmoore, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín àti ẹkún pọ̀. Iná tí wọ́n gbé wá láti fi sun wá, òun la fi se ọbẹ̀ alẹ́ ọjọ́ náà, òun la sì ń fi sè títí mo fi délé ọkọ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n á fi ẹ̀mú nawọ́ sí ọ̀hún: "Ẹ lọ bá ìyàwó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ niná wà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa ọmọdé ti tò síbẹ̀ nígbà tí Baálé jáde. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni. Ìkòkò tábà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tò sẹ́yìn mi. Nígbà tó kàn wọ́n, Ìyá Dúpẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mú ẹyinná kankan.

"Bàbá, báwo ni ilé yín ṣe sùn?"

Baálé wo òrùlé. Wọ́n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wo inú ìkòkò tábà wọn pẹ́ títí.

"Ilé ò sùn, ìyàwó," ni wọ́n wí. "Láti ijẹ́rin, ilé ò sùn."

Ìyá Dúpẹ́ yan ẹyinná tó pupa jù, ó gbé e lé tábà náà fún wọn.